Ikọ́ fée: Ẹ má jẹ́ ká dúró di òru

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ikọ́ fée kì í dé ọsíbítù àfi tí èémí bá fẹ́ gé lóru. Wọ́n á gba abẹ́rẹ́, wọ́n á padà sílé, ó tún di ìgbà mìíràn. Èyí kò dára tó.

Irú ikọ́ fée kan wà tó jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní eosinophil ló ń mú kí ọ̀nà tí èémí ń gbà wú. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè tọ́ka sí i. Ìnhélà aláwọ̀ búlúù kàn ń la ọ̀nà náà ni, kì í wo wíwú rẹ̀. Èyí tó ní steroid ló ń ṣe ìyẹn. Láti ọdún 2019 ni àjọ GINA ti ń kìlọ̀ pé kí àgbàlagbà má gbára lé búlúù nìkan.

Àmọ́ ìnhélà wọ́n bí ojú, pàápàá láti ìgbà tí iléeṣẹ́ GSK ti kéde lọ́dún 2023 pé àwọn ń kúrò ní Nàìjíríà. Òfin ọdún 2022 sọ ètò adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Kí ìjọba rí i pé ìnhélà steroid wà lábẹ́ rẹ̀, kó sì dé ilé ìwòsàn abúlé.

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ lọ rí dókítà nígbà tí ara bá ṣì le.