Adìpọ̀ Géèmù Linux Ni Ilẹ̀ Yewa Nílò

Géèmù ọ̀fẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Linux, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè gbà láìsan kọ́bọ̀, pọ̀ jaburata, ṣùgbọ́n adìpọ̀, ìyẹn ẹni tí yóò di irú géèmù bẹ́ẹ̀ lọ́nà tí olùkọ́ Ayétòrò tàbí oníṣòwò Ìdírókò ní ilẹ̀ Yewa, Ìpínlẹ̀ Ògùn, yóò fi lè gbé e sórí láptọ́ọ̀pù àlòkù rẹ̀ láìbẹ ẹnikẹ́ni ni ó ṣọ̀wọ́n. Ó yẹ kí Ilé-Ẹ̀kọ́ Gbogboǹṣe ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ìlaròó, tí a dá sílẹ̀ ní 1979, gba irú iṣẹ́ yìí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà.

Géèmù tí a kò dì máa ń wá gẹ́gẹ́ bí kóòdù orísun, ìyẹn àṣẹ tí òǹkọ̀wé ètò fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí a gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí èdè ẹ̀rọ kí kọ̀ǹpútà tó lè lò ó. Ẹni tí ó bá gbà á bẹ́ẹ̀ yóò tún máa wá láíbúrérì, ìyẹn àkójọ kóòdù tí ọ̀pọ̀ ètò jọ ń lò, irú bíi SDL tí Sam Lantinga bẹ̀rẹ̀ ní 1998 láti máa bójú tó àwòrán, ohùn àti bọ́tìnì géèmù; bí ẹ̀dà wọn kò bá sì bára mu, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Nínú Debian, ọ̀kan lára oríṣi Linux, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, ìdìpọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fáìlì tí wọ́n ń pè ní control, gẹ́gẹ́ bí ọkọ̀ ẹrù ṣe ń mú ìwé ẹrù dání dé ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè ní Ìdírókò: orúkọ ẹni tí ó ń tọ́jú ìdìpọ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú gbogbo láíbúrérì tí ó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀, ètò tí ń jẹ́ apt yóò sì kà á, yóò sì lọ kó èyí tí ó bá kù wá.

Ọ̀nà tí a gbà dì í tún ṣe pàtàkì. 0 A.D., géèmù ogun àtijọ́ tí ìjọba Kush ilẹ̀ Áfíríkà wà lára àwọn tí a fi ń jagun nínú rẹ̀, ní àwòrán àti ohùn tí ó ju 1 GB lọ; Debian yà wọ́n sọ́tọ̀ sínú ìdìpọ̀ 0ad-data, kí àtúnṣe kékeré inú kóòdù má baà sọ ẹni tí ó ti gbà wọ́n di ẹni tí yóò tún wọn gbà. Ẹni tí ó ń fowó ara rẹ̀ ra dátà kò nílò àlàyé lórí èyí. Flatpak, ọ̀nà ìdìpọ̀ mìíràn, ní tirẹ̀ ń gbé láíbúrérì ìpìlẹ̀ kan dání kí ìdìpọ̀ kan ṣoṣo lè ṣiṣẹ́ lórí oríṣiríṣi Linux. Ìrọ̀rùn ni fún òǹkọ̀wé géèmù, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbà á ni ó ń sanwó rẹ̀, nítorí ìpìlẹ̀ náà lè tó ọgọ́rọ̀ọ̀rún MB kí géèmù kékeré tó dé. Fún ilẹ̀ Yewa, .deb, ìyẹn ìdìpọ̀ ti Debian, sàn jù, tàbí AppImage, fáìlì kan ṣoṣo tí a lè fi fíláàṣì gbé láti ọwọ́ dé ọwọ́, bí apt kò tilẹ̀ ní bá a mú ẹ̀dà tuntun wá.

Ayò ọlọ́pọ́n ni ó yẹ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fi bẹ̀rẹ̀. Ihò 12 àti ọmọ ayò 48 kò gba kóòdù púpọ̀. Èdè ni ibi tí iṣẹ́ wà. Àtẹ bọ́tìnì Yorùbá ti wà nínú Linux, ṣùgbọ́n lẹ́tà bí ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀: ẹ ni yóò kọ́kọ́ wá, kí àmì ohùn tó gùn ún. Géèmù tí ó ń ya lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan máa ń ti àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó fi àpótí òfìfo rọ́pò rẹ̀. Adìpọ̀ tí ó gbọ́ Yorùbá ni yóò tètè rí àbùkù yìí, tí yóò pààrọ̀ fọ́ǹtì, tí yóò sì fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí òǹkọ̀wé. Bí ó bá fi Faransé kún un, àwọn ará Kétu àti Ṣakẹ́tẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, tí wọ́n fi Faransé kàwé, yóò lè lo ìdìpọ̀ kan náà.

Àwọn kan lè wí pé iṣẹ́ ẹlòmíràn ni adìpọ̀ ń gbé kiri, pé kò tó ohun tí a ń fún ní máàkì. Àwíjàre tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni. Loki Software, tí ó ń gbé géèmù títà wá sórí Linux láti 1998, kógbá sílé ní 2002. Púpọ̀ nínú géèmù rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí Linux òde òní, nítorí láíbúrérì ti yí padà, kóòdù orísun wọn kò sì sí lọ́wọ́ ẹni tí ì bá tún wọn dì. Géèmù tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ irú ikú bẹ́ẹ̀, bí ó bá rí adìpọ̀. Kí ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Ìlaròó yọ̀ọ̀da akẹ́kọ̀ọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún un ní sáà tí ń bọ̀.