Kí Òjò Tó Dé, Ẹ Wo Mọ́gáàdì Kẹ̀kẹ́ Yín

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Òkúdù, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ṣubú lórí kẹ̀kẹ́ mi nítòsí Ojúẹlẹ́gba. Kì í ṣe ọkọ̀ ni ó gbá mi, n kò sì já sí kòtò. Ọ̀rá omi kan lásán ni. Táyà iwájú gbé e láti ilẹ̀ wọ abẹ́ mọ́gáàdì, mọ́gáàdì sì tẹ̀ wọlé, ó mú táyà há. Kẹ̀kẹ́ dúró gbagidi, ṣùgbọ́n èmi kò dúró. Mo ta kọjá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, mo fi ìgbọ̀nwọ́ balẹ̀. Ọpẹ́lọpẹ́ awakọ̀ dánfó tó wà lẹ́yìn mi, tó tètè tẹ bíréèkì, ni mo fi wà láàyè tí mò ń kọ̀wé sí yín.

Ẹ̀bi mi ni. Tòkunbọ̀ ni kẹ̀kẹ́ mi, oríṣi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ṣe fún eré sísá lójú títì. Wọn kì í sábà fi mọ́gáàdì sí irú rẹ̀. Kò dà bí kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn bàbá wa gùn, èyí tó ti Nottingham wá tòun ti mọ́gáàdì onírin níwájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí ẹrẹ̀ tó ń ta sí mi lẹ́yìn láti Sùúrùlérè dé Yábàá sú mi, mo ra mọ́gáàdì ike, mo sì fi okùn ike tí àwọn oníná fi ń di wáyà so ó mọ́ kẹ̀kẹ́. Àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti táyà kò gba ọmọ ìka.

Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà lọ bá bàbá àgbà kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Múṣin. Wọ́n wò ó, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, mọ́gáàdì tí a kò dè dáadáa burú ju àìní i lọ. Aṣọ nìkan ni ẹrẹ̀ ń bà jẹ́."

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ kọ́ mi."

Àyè ni wọ́n kọ́kọ́ fi yé mi. Mọ́gáàdì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju táyà lọ: bí táyà bá fẹ̀ tó mìlímítà 28, kí mọ́gáàdì tó bíi 35 sí 40. Láàárín àwọn méjèèjì, kí àyè má dín ní mìlímítà 10. Ní ìlú tí iyanrìn àti ọ̀rá pọ̀ bí tiwa, kí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ dára. Bí abẹ́ bíréèkì kò bá gba èyí, ẹ wá táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, tàbí kí ẹ lo mọ́gáàdì kúkúrú tí kò gba abẹ́ bíréèkì kọjá.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀pá tó gbé e dúró. Àwọn kẹ̀kẹ́ mìíràn ní ihò bóòtù fún wọn nítòsí àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Tèmi kò ní. Bàbá gé túùbù àtijọ́, wọ́n fi wé irin náà, wọ́n sì fi kílíìpù onírin dì í lé e lórí, kí ó má baà yọ̀, kí ó má sì ha ọ̀dà. Wọn kò kọ́kọ́ fún bóòtù kankan le. Wọ́n yí táyà, wọ́n wò ó láti ẹ̀gbẹ́ àti láti ẹ̀yìn, wọ́n ń fa ọ̀pá sọ́tùn-ún sósì títí àyè fi dọ́gba yíká. Ìgbà náà ni wọ́n tó fún wọn le díẹ̀díẹ̀. Wọ́n gé ìyókù ọ̀pá tó yọ síta, wọ́n sì ní kí n yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí n wò ó bóyá bàtà mi yóò kan mọ́gáàdì. Bí ẹ bá fẹ́ ra tuntun, ẹ bèèrè èyí tí ọ̀pá iwájú rẹ̀ ní kílíìpù tó máa ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ bí nǹkan bá há sí i. Ká ní tèmi ní in ni, n kì bá tí ṣubú.

Níkẹyìn, wọ́n gé ike kẹ́ẹ̀gì, wọ́n fi kún ìsàlẹ̀ mọ́gáàdì méjèèjì. Ti iwájú ń gba ẹsẹ̀ àti ṣéènì lọ́wọ́ ẹrẹ̀. Mo bèèrè ohun tí ti ẹ̀yìn wà fún, nígbà tí ẹ̀yìn aṣọ mi ti bọ́. Wọ́n ní, "Ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ yìí kò tán nínú mi. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ agunkẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí ènìyàn bá wọn jáde nígbà òtútù láìní mọ́gáàdì tó gùn dé ìsàlẹ̀, nítorí ojú ẹni ẹ̀yìn ni omi ń ta sí. Tiwa tilẹ̀ burú jù, nítorí omi ojú títì wa kì í ṣe omi òjò nìkan. Omi gọ́tà wà nínú rẹ̀, ọmọ iléèwé tó wọ aṣọ funfun sì lè wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ọ̀run bá ṣú. Ẹ fi ọmọ ìka wọn àyè yẹn lónìí, ẹ sì máa fi sípánà kan àwọn bóòtù náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí kòtò Èkó ń tú wọn. Àpá ìgbọ̀nwọ́ mi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ẹ̀kọ́ fún gbogbo wa.