Ilé Iṣẹ́ Tó Kú, Ta Ni Yóò Gbé Ibẹ̀?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ìgbẹ́ ń bọ̀ wá di ìgboro, ààtàn ń bọ̀ wá dọjà. Láyé òde òní, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́ náà ń di ilé ìgbé olówó ńlá. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí à ń gbé Àmùkòkò gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1873 ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ìkẹ́rùsí Butler's Wharf parí létí odò Thames. Nígbà tó di 1972, iṣẹ́ tán níbẹ̀. Àwọn ayàwòrán tí kò lówó lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀, nítorí àjà rẹ̀ ga, àyè sì gbà wọ́n. Lẹ́yìn 1980, àwọn oníṣòwò tún un ṣe, wọ́n gé e sí fúláàtì, wọ́n sì ń tà á fún ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo. Southwark ni ibẹ̀ wà, níbi tí Peckham tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí náà wà. Mélòó nínú àwọn ènìyàn wa ló lè ra ọ̀kan níbẹ̀?

Èkó ńkọ́? Ní Ìkẹjà àti Orégùn, ilé iṣẹ́ tó kógbá sílé ń di ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn àríyá. Ní Àpápá, ilé ìgbé ló tilẹ̀ ń di ibi ìkẹ́rùsí, nítorí tírélà ti lé àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Òṣìṣẹ́ èbúté wà ní Àmùkòkò, tọkọtaya tọmọtọmọ nínú yàrá kan, tí gbogbo àgbàlá ń tò sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ kan ṣoṣo.

Èmi kò lòdì sí sísọ ilé iṣẹ́ di ilé ìgbé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí òfin ṣáájú ọ̀dà. Ní 1982, ìpínlẹ̀ New York ṣe òfin tó dáàbò bo àwọn tó ti ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀, tó sì pàṣẹ fún onílé pé kí ó mú ewu iná kúrò níbẹ̀. Tiwa ńkọ́? Òfin ilé gbígbé tí Èkó ṣe ní 2011 ní kí onílé má gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ṣùgbọ́n ó yọ Àpápá sílẹ̀ pẹ̀lú Ìkòyí. Bí ilé ìkẹ́rùsí Àpápá bá di fúláàtì lábẹ́ irú òfin yẹn, kí ni ayálégbé yóò dì mú? Ẹ má sì gbàgbé Ìta Fájì, níbi tí ilé tí ilé ìwé wà nínú rẹ̀ ti wó pa àwọn ọmọdé ní oṣù kẹta ọdún 2019.

Àwọn kan yóò ní ohun ìní olówó ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìjọba ló ń fọwọ́ sí i kí ilé iṣẹ́ tó di ilé ìgbé. Kí ìjọba yẹ ògiri àti òpó rẹ̀ wò kí ó tó fọwọ́ sí i. Kí ó sì ya lára àwọn yàrá náà sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́, kí wọ́n máa san owó rẹ̀ lóṣooṣù.

Bí ààtàn yóò bá dọjà, ẹ má jẹ́ kí á lé ẹni tó ń gbá a kúrò lọ́jà.