Ìlérí Oníṣòwò: Ó Yẹ Kí Òfin Dì í Mú

Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ṣùgbọ́n lábẹ́ òfin àdéhùn tí Nàìjíríà jogún lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣòwò lè fọ́ ẹyin náà, kí ó má sì jẹ̀bi.

Ẹ wo ẹjọ́ Dickinson àti Dodds, tí ilé-ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ní ọdún 1876. Ní ọjọ́ Àlàrùbá kan ní ọdún 1874, Dodds fọwọ́ sí ìwé pé òun yóò ta ilé òun fún Dickinson ní 800 pọ́n-ùn, àti pé òun yóò dúró dè é títí di aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ Jímọ̀. Kí Jímọ̀ tó dé, ó ti bá ẹlòmíràn ṣe àdéhùn, Dickinson sì gbọ́. Dickinson ni ó pàdánù ẹjọ́ náà. Kò san ohunkóhun fún ìdúró yẹn, ìlérí tí a kò sì fi nǹkan gbà kì í de ẹni tí ó ṣe é.

Ní Bẹ̀nẹ̀, tí ó ń tẹ̀lé ìlànà òfin Faransé, ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìṣòwò OHADA, àjọ tí ìwé àdéhùn ọdún 1993 bí, sọ pé bí oníṣòwò bá fi ọjà lọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí ó sì dá ọjọ́ fún ìdáhùn, kò gbọdọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà kí ọjọ́ tó pé. Nítorí náà, oníṣòwò Àjàṣẹ́ àti ti Àgbádárìgì lè jẹ́ ọmọ ìyá, kí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan náà, kí òfin ìlú ti èkíní dè é, kí ti èkejì tú u sílẹ̀.

Àwọn kan yóò ní iye ọjà kì í dúró sójú kan, kò sì yẹ kí a so ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó fi ipá mú un dá ọjọ́? Ẹni tí ó gbà á gbọ́ ti lè yáwó, ó ti lè háyà ọkọ̀. Amẹ́ríkà pàápàá, tí òun náà jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì, ti tún èyí ṣe: ìlérí ọjà tí oníṣòwò kọ, tí ó sì fọwọ́ sí pé òun kò ní yẹ̀ ẹ́, dè é láìgba owó, bí kò bá ju oṣù mẹ́ta lọ.

Kí àwọn aṣòfin wa ṣe bákan náà. Kí ó tó rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, bí ẹnìkan bá ní òun yóò dúró dè yín, ẹ fún un ní nǹkan, ìbáà ṣe náírà kan, kí ẹ sì gba ìwé.