Àdùnní di ará ilé, kí ló dé tí ọkọ ọmọ wa ṣì jẹ́ àlejò?

Ta ni kò mọ Àdùnní Olórìṣà ní Òṣogbo? Ìlú Graz ní orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1915, Susanne Wenger ni wọ́n sì sọ ọ́. Ọdún 1950 ló bá ọkọ rẹ̀, Ulli Beier, wá sí Nàìjíríà, torí Beier ríṣẹ́ olùkọ́ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Ìbàdàn. Kò pẹ́ tó dé ni ikọ́ ẹ̀gbẹ dá a wólẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ó sì di ọmọ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Àjàgẹmọ, àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ. Nígbà tí òun àti Beier kọ ara wọn sílẹ̀, kò palẹ̀ ẹrù mọ́ padà sí Yúróòpù. Ọdún 1959 ló fẹ́ Àyánṣọlá onílù, ó sì ń bá wa gbé títí tó fi kú ní Òṣogbo ní oṣù Kìíní ọdún 2009, lẹ́ni ọdún 93.

Ọmọ Òṣogbo ni mí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ ní ọ̀nà Ìbókun kò jìnnà sí ibi tí ìyá mi ti ń tajà, mo sì máa ń rí i bó bá ń jáde: aṣọ àdìrẹ lára, tìróò dúdú lójú, òun àti àwọn oníṣọ̀nà tó ń tẹ̀lé e jọ ń sọ Yorùbá lọ. A máa ń kúnlẹ̀ kí i bí a ṣe ń kúnlẹ̀ kí ìyá ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà kan wà tí kò fẹ́ràn rẹ̀ nítorí òrìṣà tó ń bọ. Ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bú u torí pé ó fẹ́ aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ ni n kò gbọ́ kí wọ́n fi òyìnbó tí Àyánṣọlá fẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀. Ìyàwó wa ni. Ọ̀rọ̀ tán.

Àsìkò ọ̀tun ni àsìkò yẹn láàrin àwọn òǹkọ̀wé wa. Beier ti dá ìwé ìròyìn Black Orpheus sílẹ̀ ní 1957, Àdùnní sì ya àwòrán sí ẹ̀yìn ìwé náà. Ní 1961 wọ́n ṣí ẹgbẹ́ àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán tó ń jẹ́ Mbari n'Ìbàdàn, nínú ọgbà tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ ará Lẹ́bánónì tẹ́lẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, Chinua Achebe, Christopher Okigbo, J.P. Clark àti Ezekiel Mphahlele tó kúrò ní South Africa nítorí ìyà, gbogbo wọn ló ń wọlé tí wọ́n ń jáde níbẹ̀. Ní 1962 Dúró Ládiípọ̀ dá irú rẹ̀, Mbari Mbayọ̀, sílẹ̀ l'Òṣogbo. Ẹ ka ìtàn ìgbà náà, ẹ ó rí i pé orúkọ ọkùnrin ló kún inú rẹ̀. Bí wọ́n bá sì dé orí Àdùnní, ọkọ tó fẹ́ ni wọ́n á kọ́kọ́ kà sílẹ̀, wọ́n á ní Beier, wọ́n á ní onílù, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó rántí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó máa ń dùn mí. Ẹ wọ Igbó Ọ̀ṣun l'Òṣogbo, ẹ wo ohun tó ṣe. Òun àti Adébísí Àkànjí tó ti jẹ́ bíríkìlà tẹ́lẹ̀, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí agbẹ́kùúta àti Kàsálì Àkàngbé agbẹ́gilére ló fi sìmẹ́ǹtì, òkúta àti igi gbé ojúbọ tó ti ń wó dìde, tí wọ́n dúró níwájú àwọn tó fẹ́ gé igbó náà tà. Ìjọba sọ ibẹ̀ di ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ní 1965. UNESCO kà á mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2005.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí ní Ọ̀ta ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí iṣẹ́ gbé mi wá, yàtọ̀ sí ti Àdùnní. Ọ́fíìsì tó ń bójú tó òṣìṣẹ́ ni mo wà nínú ilé iṣẹ́ kan ní ẹsíteèti, fáìlì àwọn àjèjì sì wà lára ohun tó ń gba ọwọ́ mi kọjá: ará Íńdíà, ará Ṣáínà, ará Lẹ́bánónì. Fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, lẹ́tà ilé iṣẹ́, fọ́tòkọ́pì CERPAC, ìyẹn káàdì ìgbélùú àjèjì, àti ọjọ́ tí káàdì máa kú tí a fi bírò pupa kọ sẹ́yìn fáìlì kí ojú má baà fò ó. Iṣẹ́ ni wọ́n so gbogbo ìwé yẹn mọ́. Bí iṣẹ́ bá ti bọ́, ó di kó máa lọ.

Irú fáìlì bẹ́ẹ̀ ni ọkọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní ní ilé iṣẹ́ mìíràn. Ará Íńdíà ni, ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀rá ló ń tún ṣe. Ọmọ wa wà lára àwọn tó ń yẹ ọjà wò kí wọ́n tó dì í. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù, ìdílé wa sì gba ìdáná. Iṣu, oyin, ataare, obì, kò sí èyí tí ọkùnrin náà kò gbé wá, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n mi. Síbẹ̀, "ìyàwó Íńdíà" ni wọ́n ń pe ọmọ wa ní àdúgbò Ṣàngó l'Ọ̀ta, kì í sì í ṣe bí ẹni ń pọ́nni lé. Lọ́jọ́ kan èmi àtirẹ̀ lọ ra tòmátì nítòsí afárá, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ìyá tó ń tà á na ọwọ́ sí irun ọmọ náà, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ibi tí owó bá wà lẹ máa ń sùn sí." Ọmọ wa kò fèsì. Ó tú ọ̀já, ó tún un so, ó sanwó, a kúrò níbẹ̀.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ dín òṣìṣẹ́ kù, ìwé rẹ̀ bá iṣẹ́ lọ, òun náà sì padà sí Íńdíà. Ibẹ̀ ló wà tó ń sá sókè sá sódò kó lè padà wá bá ìyàwó àti ọmọ. Àwọn aládùúgbò ní, "Ṣé a ò sọ fún un?"

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ rèé. Abala 26 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fún Ààrẹ láṣẹ láti sọ obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ Nàìjíríà di ọmọ Nàìjíríà, bí ìwà rẹ̀ bá dára, tó fi hàn pé ibí lòun fẹ́ fi ṣe ilé, tó sì búra. Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì tó fẹ́ ọmọ wa. Tirẹ̀, abala 27 ni, ti àlejò tí kò fẹ́ ẹnikẹ́ni: ó gbọ́dọ̀ ti gbé ilẹ̀ yìí fún ọdún 15. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lè bọ́ lọ́la, báwo ni yóò ṣe ka ọdún yẹn pé? Ọmọ tó bí jẹ́ ọmọ Nàìjíríà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, nítorí ìyá rẹ̀. Bàbá ọmọ ni àlejò. Ìyẹn ni pé obìnrin tí ọkùnrin wa bá mú wálé lè di tiwa, ọkùnrin tí obìnrin wa bá mú wálé kò já mọ́ nǹkan kan. Ìyànjẹ ni.

Òfin tí ènìyàn ṣe, ènìyàn lè yí i padà. Ní New York ní 1958, Hettie Cohen, ọmọ Júù láti Brooklyn, fẹ́ akéwì aláwọ̀ dúdú LeRoi Jones, tó di Amiri Baraka lẹ́yìn náà. Àwọn òbí Hettie kọ̀ ọ́ lọ́mọ. Òun àti ọkọ jọ ń tẹ ìwé ìròyìn ewì Yugen jáde nílé wọn. Nígbà tí ọkọ lọ ní 1965, ó dá tọ́ ọmọbìnrin méjì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn ayé rẹ̀ ní 1990. Lọ́dún tí wọ́n fẹ́ra, ẹ̀ṣẹ̀ ni irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà. Oṣù Kẹfà 1967 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé òfin yẹn.

Tiwa ńkọ́? Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2022, àwọn aṣòfin l'Ábújá dìbò tako àtúnṣe tí ì bá fi ọkùnrin kún abala 26. Àwọn obìnrin kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà ilé aṣòfin, Ilé Aṣojú-ṣòfin sì ní àwọn yóò tún un gbé yẹ̀ wò. Kò tíì di òfin.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń bẹ̀rù. Àwọn àjèjì wà ní Ọ̀ta tó fún ọmọ ọlọ́mọ lóyún tí wọ́n sì sá lọ. N kò gbè sẹ́yìn wọn. Àwọn mìíràn lè fẹ́ ìyàwó nítorí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí ìwà àti ìbúra tí òfin ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin, kí wọ́n béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ẹni tó fẹ́yàwó níṣojú ẹbí àti níṣojú ìjọba kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹni tó bímọ sá.

Ìlú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni Ọ̀ta. Ìlú tó ń gbẹ́gi, tó ń gbé ẹ̀kú jó láti fi pọ́n àwọn ìyá lé, kò yẹ kó máa fi ẹni tí ọmọbìnrin rẹ̀ yàn ṣe ẹlẹ́yà lọ́jà.

Àtúnṣe Òfin Orílẹ̀-èdè kò lè parí l'Ábújá. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Nítorí náà, ẹ̀yin tó ń ṣojú Adó-Odò/Ọ̀ta l'Ábújá àti ẹ̀yin aṣòfin ìpínlẹ̀ tó wà ní Òkè-Mọ́sàn l'Abẹ́òkúta, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ọkùnrin kún abala 26. Ẹ̀yin ará Ṣàngó, ẹ̀yin ará Ìyànà-Ìyẹ̀sí, Ìjọ̀kò àti Ojú-Ọ̀rẹ̀, bí wọ́n bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ṣe sí ọ̀rọ̀ yìí kí ẹ tó tẹ̀ka fún wọn.