Ṣúgà àti Ẹ̀jẹ̀ Dídì
Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì kò mọ sórí ṣúgà nìkan. Ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ní in tún máa ń tètè dì. Fibrinogen, èròjà tí ẹ̀dọ̀ ń ṣe, tó ń di fọ́nrán tín-ín-rín láti dí ojú ọgbẹ́, sábà máa ń pọ̀ jù lára irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èròjà mìíràn, PAI-1, náà ń pọ̀, kì í sì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tó ti dì tètè yọ́. Bí ẹ̀jẹ̀ tó dì bá dí iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ, rọpárọsẹ̀ dé nìyẹn. Àyẹ̀wò HbA1c, tó ń sọ bí ṣúgà ti rí láti oṣù 2 sí 3 sẹ́yìn, ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n kò tó: ó yẹ kí dókítà wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Ásípíríìnì, tó ń dín dídì ẹ̀jẹ̀ kù, kì í ṣe oògùn àdálò. Ó lè fa kí ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ikùn.