Ẹ Má Gba Ohun Tí Ẹ Kò Nílò

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021, àjọ NITDA, tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Nàìjíríà, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù 10 náírà lé Soko Loan, ilé-iṣẹ́ tó ń yáni lówó lórí fóònù. Wọ́n ní bí oníbàárà bá pẹ́ kó tó san gbèsè, ilé-iṣẹ́ náà a máa kọ̀wé àbùkù ránṣẹ́ sáwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù rẹ̀. Ìtìjú onígbèsè ló ká ọ̀pọ̀ lára. Àwọn tó gba àtẹ̀jíṣẹ́ náà ńkọ́? Èèyàn ń tọ́jú nọ́ńbà àna, ọ̀gá ibi iṣẹ́, alájọ àti dókítà sórí fóònù. Kò sí èyí tó yáwó nínú wọn. Onígbèsè lè tẹ “mo gbà” fún ara rẹ̀. Kò láṣẹ láti tẹ̀ ẹ́ fún wọn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbà tí ilé-iṣẹ́ bá ń gba ìsọfúnni èèyàn ló yẹ kí òfin ti dá a lọ́wọ́ kọ́, kì í ṣe ìgbà tó bá ti jò tán. Ẹyin ni ọ̀rọ̀ yìí, bó bá ti bọ́, ó ti fọ́. Èèyàn lè yí PIN káàdì rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ta ló lè yí ọjọ́ ìbí tàbí ìtẹ̀ka padà? Òfin ààbò ìsọfúnni tí Ààrẹ Tinúbú fọwọ́ sí lóṣù Kẹfà ọdún 2023 mọ èyí. Ó ní kí ilé-iṣẹ́ má gbà ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò, kó má sì tọ́jú rẹ̀ ju ìgbà tó yẹ lọ. Síbẹ̀, wákàtí 72 tí àwọn ilé-iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ NDPC, tó ń mójú tó òfin náà, létí bí ìsọfúnni bá jò, àti ìtanràn tó lè dé ìdá 2 nínú 100 owó tó ń wọlé fún wọn lọ́dún, la sábà máa ń gbọ́.

Kì í sì í ṣe orí fóònù nìkan ni wọ́n ti ń gbà jù. Ẹ wo páálí abẹ́ tábìlì ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù: ẹ̀dà ìwé NIN, fọ́tò, àdírẹ́sì, ìbuwọ́lùwé. Bó bá kún, ó lè di bébà tí wọ́n fi ń wé ẹ̀pà. Bẹ́ẹ̀, kí wọ́n wo ìwé náà kí wọ́n sì dá a padà ì bá tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí wọ́n tìtorí ẹ̀ gbà á.

Àwọn ayánilówó ní bí àwọn kò bá mọ èèyàn onígbèsè, owó àwọn á wọgbó. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe ẹ̀rù lásán, àwọn tó ń sá pẹ̀lú owó olówó pọ̀. Ṣùgbọ́n BVN wà, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè sì wà, tí wọ́n lè yẹ̀ wò kí wọ́n tó yọwó. Ní 2023, Google fòfin de áàpù ayánilówó pé wọn kò gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ àkójọ nọ́ńbà àti fọ́tò oníbàárà mọ́. Iṣẹ́ náà kò tìtorí ẹ̀ kógbá sílé.

Àwọn oníṣòwò kéékèèké náà ní owó ìpamọ́ ìsọfúnni ju agbára àwọn lọ. Òótọ́ ni, ẹni tó ń wá owó epo jẹnẹrétọ̀ kò lè gba agbẹjọ́rò síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí wọn kò bá gbà, kò ní ná wọn ní kọ́bọ̀ láti pamọ́. Kí àjọ NDPC pe ẹgbẹ́ onílé ìtura, ẹgbẹ́ oní-POS àti ẹgbẹ́ àwọn tó nílé ìwé, kó kọ ọ́ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, lédè Yorùbá náà, ohun tí wọ́n lè gbà àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáná sun ún.